Ta ni bàbá ọmọ? Ẹjọ́ Ìyáàfin Smith àti ìpínlẹ̀ Alabama, 1966 sí 1968

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí ni Ìyáàfin Sylvester Smith máa ń wọṣẹ́. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ni. Òun ló ń dáná, òun náà ló ń gbé abọ́ síwájú oníbàárà, aago méjìlá ọ̀sán ló máa lù kó tó ṣíwọ́. Gbogbo ohun tó ń gbà lọ́sẹ̀ kan kò ju dọ́là 16 sí 20 lọ. Dallas County ní ìpínlẹ̀ Alabama ló ń gbé, àgbègbè tí ìlú Selma wà. Opó aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ mẹ́rin ló ń dá tọ́: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 14, èkejì 12, ẹ̀kẹta 11, ìkẹrin 9. Bàbá mẹ́ta nínú wọn ti kú láti 1955. Bàbá ìkẹrin bá tirẹ̀ lọ ní 1963, kò wẹ̀yìn wò mọ́.

Ohun tó ń ti owó oṣù yẹn lẹ́yìn ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ kú tàbí tí kò sí nílé. AFDC ni orúkọ ètò náà lórí ìwé, welfare ni gbogbo ayé ń pè é. Ọdún mélòó kan ni ìdílé yìí ti ń gbà á. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1966, ìwé wá láti ọ́fíìsì ìrànwọ́ pé wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò. Kí ni wọ́n ṣe? Ọkùnrin kan ń wá sọ́dọ̀ ìyá wọn lópin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ra wọn.

Ọkùnrin náà ní ìyàwó nílé, ó ní ọmọ mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń ṣiṣẹ́ kí ẹnu wọn tó lè tólẹ̀. Kò bí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ Smith. Kò fún wọn ní kọ́bọ̀ rí, kò ní i, kò sì ṣe tán láti fún wọn. Òfin ìpínlẹ̀ náà gan-an kò di ẹrù wọn lé e lórí. Síbẹ̀, nínú ìwé ìjọba Alabama, òun ni bàbá wọn.

Oyè tí wọ́n fi í jẹ yìí, “bàbá adelé” ni n ó máa pè é, nítorí n kò rí èyí tó bá a mu jù ú lọ. Ẹni tó bá jókòó sí àyè ọba tó wàjà ni adelé. Ó kàn jẹ́ pé adelé tiwa máa ń mọ ọjọ́ tí wọ́n fi òun joyè, ó sì mọ iṣẹ́ tó bá oyè náà wá. Ẹnìkan kò bi ti Alabama léèrè.

Oṣù Keje 1964 ni ìlànà bàbá adelé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ọkùnrin yòówù tí ara rẹ̀ bá le, tí òun àti ìyá ọmọ bá jọ ń ní àṣepọ̀, òun ni òbí ọmọ náà. Ì báà máa gbé inú ilé náà. Ì báà kàn máa yà wá. Ì báà má tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí, tó bá ti lè jẹ́ pé ibòmíràn ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Ìgbà mélòó ni kí wọ́n pàdé kó tó di ẹ̀ṣẹ̀? Nígbà tí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà lábẹ́ ìbúra, ọ̀kan ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òmíràn ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ti tó, òmíràn ní oṣù mẹ́fà. Wọ́n ń fi òfin yìí gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, wọn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tó wí.

Bí obìnrin bá lóyún, tàbí tó gbé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lọ́wọ́, ẹ̀rí ti pé nìyẹn. Tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, òun ni yóò fi hàn pé ọ̀rọ̀ òun àti ọkùnrin náà ti parí, yóò sì mú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wá. Ìlànà náà ka irú ẹni tó lè jẹ́rìí: agbófinró, àlùfáà, aládùúgbò, ẹni tó ń ta oúnjẹ fún un. Ẹ wo abiyamọ tó máa dúró níwájú ọlọ́jà tó ń tajà àwìn fún un, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé pé èmi nìkan ni mo ń dá sùn.

Láàárín oṣù Kẹfà 1964 sí oṣù Kìíní 1967, èèyàn tó tó 20,000 ló dín lórí ìwé ìrànwọ́ Alabama. Bíi 16,000 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ìdá méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń gbà á nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìlànà yìí ti ṣẹ̀ wá yóò rò pé ìṣekúṣe ni wọ́n ń bá jà. Ọdún 1935 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin Social Security tó dá owó ìrànwọ́ ọmọ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi pípín rẹ̀ sí. Ìpínlẹ̀ ló ń sọ iye tí ìyá ọmọ máa gbà, òun ló sì ń sọ irú ilé tó yẹ kí owó wọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, “ilé tó yẹ” yìí di ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lójú, pàápàá obìnrin tó bímọ láìsí lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Ní 1960, Louisiana fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ já ọmọ tó lé ní 23,000 sílẹ̀. Ariwo rẹ̀ dé òkè òkun, débi pé oúnjẹ àti aṣọ wá fún wọn nínú ọkọ̀ òfurufú láti Newcastle ní ìlú Ọba. Amẹ́ríkà tó ń bọ́ ayé, àwọn ará Ìlú Ọba ló wá ń bá a bọ́ ọmọ.

Ìtìjú yẹn ló mú Arthur Flemming, mínísítà tó ń bójú tó ètò náà, gbé àṣẹ jáde ní oṣù Kìíní 1961 kó tó fi ipò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le: bí ìpínlẹ̀ bá ní ilé kan burú fún ọmọ, kó tún ilé náà ṣe tàbí kó gbé ọmọ lọ síbi tó sàn. Kò gbọ́dọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ sínú ilé tó ní ó burú, kó wá dá owó oúnjẹ rẹ̀ dúró.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò lè sọ mọ́ pé ilé burú, ó lè sọ pé bàbá wà nílé, torí ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà nílé kò sí nínú àwọn tí owó náà wà fún. Ibi tí bàbá adelé ti wá gan-an nìyí. Kì í ṣe Alabama nìkan ló mọ ọgbọ́n náà; àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó lé ní mẹ́wàá ní ìlànà tó jọ ọ́. Ti Alabama ló kàn rorò jù, tó fi lè mú ọkùnrin tí kò wọ ilé rí, kó sọ ọ́ di baálé.

Àkókò tí ìwé yẹn dé ọwọ́ Ìyáàfin Smith náà ní ìtumọ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1965, ni àwọn ọlọ́pàá lu àwọn tó ń wọ́de ẹ̀tọ́ ìdìbò ní orí afárá Edmund Pettus ní Selma. Òfin ìdìbò jáde lọ́dún náà. Ìbò kò ṣe é sè jẹ.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ní kó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, obìnrin yìí kò sẹ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nígbà náà gbé èsì rẹ̀ jáde: tí òun bá fi ẹni yìí sílẹ̀ tí òun bá ẹlòmíràn lọ, ohun kan náà ni wọ́n máa ṣe fún òun, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́ kí òun jẹ́ sístà ìjọ Àgùdà, ì bá ti dá òun bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn èsì yẹn ju gbogbo ohun tí àwọn lọ́yà sọ nínú ẹjọ́ náà lọ. Ẹni tó ń jí ní òru lọ ṣiṣẹ́, tó ń fi dọ́là 20 bọ́ ẹnu márùn-ún, kò rí ìdí tí òun yóò fi tọrọ àforíjì pé òun ní ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Àwọn lọ́yà ti ń wá irú ẹjọ́ yìí. Edward Sparer, tó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 1965 fún òfin ìrànwọ́ àwọn tálákà, ti ro ó pé bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe fi ẹjọ́ lórí ẹjọ́ wó òfin ìyàsọ́tọ̀ ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tálákà ṣe lè fi ẹjọ́ lórí ẹjọ́ dé ibi tí ilé ẹjọ́ yóò ti sọ pé ẹ̀tọ́ ni kéèyàn rí jẹ. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ kan tó dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tí wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀. Ti Alabama ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Martin Garbus ló dúró fún Ìyáàfin Smith, wọ́n sì pe ẹjọ́ náà ní orúkọ òun àti gbogbo àwọn tí bàbá adelé ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ní 1967, adájọ́ àpapọ̀ mẹ́ta tó jókòó gbọ́ ọ ní Alabama fagi lé ìlànà náà. Ìpínlẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orúkọ Ruben King, ọ̀gá àgbà ètò ìrànwọ́ ìpínlẹ̀, ni wọ́n fi pè é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní King v. Smith.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1968 ni wọ́n gbọ́ ọ ní Washington. Obìnrin ni agbẹjọ́rò Alabama, Mary Lee Stapp. Ohun méjì ló gbé síwájú. Èkíní ni pé ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe fi owó ìlú ran àgbèrè àti bíbí ọmọ sóde lọ́wọ́. Èkejì le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, n kò sì ní fi ojú tín-ín-rín wò ó: tọkọtaya tó ṣègbéyàwó, tí bàbá wà nílé, kì í sábà rí owó yìí gbà bí ebi tiẹ̀ ń pa wọ́n, kí ló wá dé tí obìnrin tó ní àlè yóò máa gbà á? Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Àìdára tó wà nínú ètò náà láti ìpilẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo oògùn tí wọ́n lò: dípò kí wọ́n bọ́ ọmọ tọkọtaya, wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ opó kí ebi lè dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹjọ́ náà bọ́ sí kò rọgbọ. Martin Luther King ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Memphis ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin yẹn. Ohun tó ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó kú ni ìwọ́de ńlá àwọn tálákà sí Washington. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ó pàdé àwọn ìyá tó ń gba owó ìrànwọ́ ní Chicago, ó fẹ́ kí wọ́n ti òun lẹ́yìn. Wọ́n bi í pé kí ni èrò rẹ̀ lórí òfin tuntun tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, èyí tó fẹ́ fi òté lé iye ọmọ tí bàbá wọn kò sí nílé tí owó àpapọ̀ yóò máa bọ́. Ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Johnnie Tillmon, obìnrin tó ti kó àwọn ìyá jọ ní Watts ní Los Angeles láti 1963, tó sì jẹ́ alága ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìrànwọ́ ti gbogbo Amẹ́ríkà, NWRO, sọ fún un pé bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó gbọ́ àlàyé. Lára irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni Ìyáàfin Smith wà, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé yàrá kóòtù ni ìjà tirẹ̀ gbà.

Ní ọjọ́ àwọn ìyá, 12 oṣù Karùn-ún, Coretta Scott King ṣáájú àwọn obìnrin NWRO ní ìgboro Washington. Lẹ́yìn náà ni àwọn tálákà láti ibi gbogbo pa àgọ́ pátákó sí pápá tó wà níwájú ère Lincoln, wọ́n pè é ní Resurrection City. Òjò rọ̀ títí ibẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Wọ́n ṣì wà nínú ẹrẹ̀ náà nígbà tí ìdájọ́ Ìyáàfin Smith jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, kò jìnnà sí wọn rárá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá kó àgọ́ wọn dànù. Nínú gbogbo ohun tí àwọn tálákà wá béèrè ní ìlú yẹn lọ́dún náà, bóyá ìdájọ́ yìí nìkan ni wọ́n fi ọwọ́ kàn.

Adájọ́ mẹ́sàn-án ni, ẹnu wọn sì kò. Earl Warren, adájọ́ àgbà, ló kọ ọ́. Kò wàásù. Ó mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òfin 1935, ọ̀rọ̀ tí àwa ń pè ní “òbí”, ó sì béèrè pé ta ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Owó yìí wà láti dípò ẹni tó ń mú oúnjẹ wálé. Nítorí náà, ẹni tí òfin bá di ẹrù ọmọ lé lórí nìkan ni òbí lè jẹ́. Ọkùnrin tí kò ní ojúṣe kankan sí ọmọ kò lè di bàbá rẹ̀ nítorí ibi tó sùn lálẹ́ Sátidé. Ó ní àròsọ tí gbogbo ojú rí gbangba ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní bàbá. Ní ti ìwà àgbèrè, ó ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti yan ọ̀nà àtúnṣe fún un, kì í ṣe kí wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ.

Mo máa ń rò ó pé ọ̀rọ̀ “òbí” tiwa ì bá ti dá ẹjọ́ yìí kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú ọ̀rọ̀ “bí” ló ti wá. Ẹni tó bí ọmọ ni òbí. A tún máa ń pe ẹni tí kò bí wa ní bàbá, àbúrò bàbá, ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, àgbà ilé tó san owó ilé ìwé, torí pé wọ́n ṣe ohun tí bàbá ń ṣe. Ọkùnrin Alabama yìí kò bí, kò sì bọ́. Èwo ló kù tí a ó fi pè é?

Owó padà sílé àwọn tí wọ́n yọ, ní Alabama àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó ní irú ìlànà náà. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Warren gbé ìdájọ́ lé jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọ. Ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti sọ pé ìlànà náà tún tẹ òfin ìbáradọ́gba nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè lójú. Warren ní kò sí ìdí láti dé ibẹ̀. Adájọ́ Douglas nìkan ló kọ̀wé lọ́tọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé e lé. Ẹnìkan kò sì sọ rárá pé yàrá Ìyáàfin Smith kì í ṣe ibi tí ìjọba ń wò.

Àìsọ yẹn ló wá jáde ní Bronx ní New York. Barbara James, ìyá kan tó ń gba owó ìrànwọ́, ní òun yóò dáhùn ìbéèrè gbogbo ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ kò ní wọ inú ilé òun. Ní oṣù Kìíní 1971, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé bí kò bá ṣílẹ̀kùn, kó gbàgbé owó. Ọkùnrin kan ti mọ bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe rí ṣáájú. Benny Parrish, òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ní Alameda County ní California, kọ̀ ní 1963 láti bá wọn lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ìyá lójijì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, láti yẹ ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù wò bóyá ọkùnrin wà níbẹ̀. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Afọ́jú ni Parrish. Ilé ẹjọ́ gíga California dá a láre ní 1967.

Ní 1970 ètò Sparer gba ọgbẹ́ tó jù. Maryland ní ìdílé kò ní gbà ju dọ́là 250 lọ lóṣù, bó ti wù kí ọmọ pọ̀ tó, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti rí jẹ tí Sparer ń wá kò sí nínú ìwé òfin. Johnnie Tillmon rí ọ̀rọ̀ náà kedere ju àwọn lọ́yà lọ. Ní 1972 ó kọ̀wé pé owó ìrànwọ́ dà bí ìgbéyàwó tó rorò: obìnrin fi ọkọ kan sílẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, kò sì lè kọ ìyẹn sílẹ̀, òun ló lè kọ obìnrin. Tí a bá fi ojú yìí wò ó, Alabama ń jowú ni. Òun ni ọkọ, kò fẹ́ rí bàtà ọkùnrin mìíràn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1996, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó pa AFDC rẹ́. Wọ́n fi TANF rọ́pò rẹ̀: owó àpapọ̀ tí iye rẹ̀ kò yẹ̀ fún ìpínlẹ̀, ọdún márùn-ún péré fún ẹnì kan ní gbogbo ayé rẹ̀, àti gbólóhùn tó sọ pé ẹnìkan kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Òfin kan náà ló ní àjèjì tó bá fi green card wọ ìlú, títí kan àwọn ọmọ tiwa tó ń lọ sí Houston àti Maryland, gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún márùn-ún kó tó lè fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ Ìyáàfin Smith ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà. Abala òfin 1935 tí ọ̀rọ̀ “òbí” wà nínú rẹ̀, tí Warren fi dá wọn láre, wà lára ohun tí wọ́n fà ya lọ́jọ́ náà.